Yàrá iṣẹ́ mi ti kún dẹ́nu: kí ni oníṣẹ́ ọnà ń kó dànù, kí ló ń fi pamọ́?

Arẹwà_Aránṣọ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́.

Iṣẹ́ ìránṣọ ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni kí n máa so àjákù aṣọ pọ̀: ànkàrá, àdìrẹ, aṣọ òkè, kí n fi wọ́n rán jákẹ́ẹ̀tì, báàgì, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, àjákù kì í jáde nílé mi. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ oníbàárà ni mò ń tọ́jú, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ télọ̀ náà sì ń kó tiwọn wá bá mi.

Ní báyìí, yàrá tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti kún dẹ́nu. Báàgì Ghana-must-go gun orí ara wọn dé ojú fèrèsé. Pátánì tí mo fi páálí gé wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ tí oníbàárà ò wá gbà ló kún inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ìwé tí mo ń ya sítáì sí wà káàkiri, òmíràn ní ìwọ̀n ara èèyàn nínú, òmíràn ò ní. Ẹrù ti gba tábìlì ìgéṣọ, orí ilẹ̀ ni mo ti ń gé aṣọ, ẹ̀yìn sì ń ro mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi, ó wo yàrá náà yí ká, ó ní kí n pe àwọn akólẹ̀ kí wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ohun tó pè ní pàǹtírí yẹn ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀, torí pé síìpù àti bọ́tìnnì tó wà nílé, ọjà ni mo tún ń lọ rà á nígbà tí mi ò bá rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ dá nǹkan, báwo lẹ ṣe ń mọ ohun tó yẹ kó lọ? Ìmọ̀ràn tó wà fún ẹni tó kàn fẹ́ kí pálọ̀ rẹ̀ dùn ún wò lójú àlejò kọ́ ni mò ń wá.

Alákòóso_Ìkẹjà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Tèmi ò le rárá. Ohunkóhun tí ọwọ́ yín ò bá kàn láàárín ọdún kan, ẹ gbé e jáde. Bí ẹ bá tún nílò rẹ̀, ọjà ò ní kúrò níbi tó wà. Ẹrù tó bá pọ̀ jù máa ń da ọkàn rú, kò sì ní jẹ́ kí orun dáa.

Ọ̀dà_àti_Búrọ́ṣì (Òṣogbo)

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n òfin ọdún kan yẹn, ará ọ́fíìsì ló bá mu. Oníṣẹ́ ọnà ò lè mọ ọjọ́ tí ohun tó tọ́jú máa dìde.

Baba wa Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán tí sítúdíò wọn wà ní Mushin láti ọjọ́ pípẹ́, mú àwọn línò, ìyẹn pátákó rírọ̀ tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí, tí wọ́n ti fi tẹ àwòrán tán, èyí tí ẹlòmíràn ì bá ti sọ nù, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà mìíràn tí wọ́n kùn láwọ̀ idẹ. El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yunifásítì Nsukka ní 1975, rí àpò kan tí ìdérí ìgò ọtí kún inú rẹ̀. Ó gbé e lọ sí sítúdíò, ó sì wà níbẹ̀ fún ìgbà kan kó tó yé e ohun tó máa fi ṣe. Lónìí, àwọn iṣẹ́ ńláńlá tó fi wáyà bàbà so irú ìdérí bẹ́ẹ̀ pọ̀ wà lára ògiri mùsíọ́mù káàkiri ayé. Tó bá jẹ́ pé akólẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ńkọ́?

Ẹ tún wo Francis Bacon, ayàwòrán tí wọ́n bí sí Ireland. Láti 1961 títí tó fi kú ní 1992, yàrá kékeré kan ní 7 Reece Mews ní London ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dà wà lára ògiri àti ilẹ̀kùn, fọ́tò tó ti ya wà nílẹ̀, búrọ́ṣì gbígbẹ kún inú agolo. Láàárín rúdurùdu yẹn ni àwọn iṣẹ́ tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún ti jáde.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àbúrò mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àkísà rẹ dójú tì ọ́.

Afọ́tò_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn Bacon yẹn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹni tó jogún rẹ̀ fi sítúdíò náà ta Hugh Lane Gallery ní Dublin lọ́rẹ ní 1998. Kí wọ́n tó gbé e, àwọn awalẹ̀pìtàn ló wọ ibẹ̀ lọ. Wọ́n ya àwòrán ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí wọ́n kà lé ní 7,000. Ọdún 2001 ni wọ́n tó ṣí i fún aráyé ní Dublin. Rúdurùdu yẹn ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lónìí nítorí pé àwọn kan fara balẹ̀ tò ó. Bí a bá fi tiwa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wa ni yóò pe akólẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹni tó sún mọ́ wa. J.D. 'Okhai Ojeikere, afọ́tò tó gbé ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ní 1968. Irun dídì, irun tí wọ́n fi òwú kó, ṣùkú, onílé gogoro, ẹ̀yìn orí ni wọ́n sábà máa ń yà kí ọwọ́ onídìrí lè hàn. Fọ́tò náà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, dúdú àti funfun. Ní 2000, Fondation Cartier ní Paris ṣàfihàn iṣẹ́ wọn. Ọdún 32 ló wà láàárín méjèèjì. Ká ní inú báàgì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni fíìmù yẹn wà, tí òjò ń jò sí, tí aáyán ń jẹ, ọ̀pọ̀ nínú irun yẹn ì bá ti bá àwọn tó dì í lọ.

Àǹtí, lójú tèmi, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹrù oníṣẹ́ ọnà pín sí. Irinṣẹ́ àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Èlò tí kò tíì di nǹkan kan wà níbẹ̀. Ẹ̀rí iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe náà wà níbẹ̀: ìwé sítáì, pátánì, fọ́tò, orúkọ oníbàárà. Ohun tí mò ń rí lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà ni pé èlò ni wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì, ẹ̀rí iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ kó bàjẹ́. Ó yẹ kó jẹ́ òdìkejì. Àjákù ànkàrá ò ní tán ní Nàìjíríà láé. Ìwé tí ẹ ya sítáì yín sí, kò sí méjì rẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ kó gbogbo ìwé yẹn jọ, ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, ẹ gbé wọn síbi tó ga kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá dojú kọ àjákù.

Arẹwà_Aránṣọ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò fìgbà kan ka àwọn ìwé yẹn sí ohun tó ṣe iyebíye, orí wọn ni mo máa ń gbé áyọ́ọ̀nù lé. Alẹ́ yìí ni mo máa kó wọn jọ.

Ṣùgbọ́n àjákù gan-an ń kọ́? Tí mo bá tú báàgì kan, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wù mí, ojú á ṣú mi, màá tún kó wọn padà. Àwọn aṣọ tí oníbàárà ò wá gbà náà ń kọ́? Òmíràn ti pẹ́ débi pé mi ò dá olúwa rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Ìyá_Télọ̀ (Mushin)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìránṣọ kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé, ọmọ iṣẹ́ tó sì ti ṣe fírídọ̀mù lọ́wọ́ mi kì í ṣe kékeré. Ìwọ ọmọ mi ní Ìbàdàn, gbọ́.

Má fi àwọ̀ ya àjákù. Ojú máa ń fẹ́ kí pupa wà pẹ̀lú pupa, ó dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, irú aṣọ lo kọ́kọ́ ń wá. Ànkàrá olówùú ò gbọdọ̀ gbé pẹ̀lú èyí tó jẹ́ pọ́líẹ́sítà. Bí o bá rán wọn pọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ọ̀kan á súnkì, èkejì á dúró, gbogbo ojú ìrán á ká jọ, oníbàárà á ní iṣẹ́ rẹ ò dáa. Bí o ò bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀, fa fọ́nrán òwú kan yọ létí rẹ̀, fi iná kàn án. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á lẹ̀, á fọ́ láàárín ìka rẹ. Èyí tí kì í ṣe òwú á yọ́, á sì di kókó dúdú kan tó le. Ṣe é lójú abọ́ tó ní omi, kúrò nídìí àjákù o.

Lẹ́yìn irú aṣọ, títóbi rẹ̀ ló kàn. Mo máa ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lé e. Èyí tí kò bá tó àtẹ́lẹwọ́, mi ò fi í pamọ́ fún rírán mọ́, inú tìmùtìmù ló ń lọ. Èyí tó bá tó àtẹ́lẹwọ́ títí dé ìdajì yáàdì, inú ike tó mọ́ gaara ni, kí n lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀ láìtú u. Èyí tó bá ju ìdajì yáàdì lọ ti kúrò ní àjákù, aṣọ ni, ó tó bùbá ọmọ ọwọ́. Ká a, gbé e sórí sẹ́lífù. Báàgì Ghana-must-go yẹn ni ọ̀tá rẹ. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀, ojú ò ní rí i, ọwọ́ ò sì ní kàn án.

Má gbìyànjú àtitú gbogbo báàgì lọ́jọ́ kan, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú ṣú ọ. Tú ẹyọ kan, parí rẹ̀, gbé báàgì òfìfo síta kí o tó sùn. Èyí tí o ò fẹ́ mọ́, ó ní ibi tó ń lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á fi kọ́ bí a ṣe ń rán kọ́là àti àpò. Mẹkáníìkì àdúgbò á gba olówùú lọ́wọ́ rẹ fún nínu ọwọ́. Má fún un ní pọ́líẹ́sítà. Bí o bá mọ̀ pé ó ń lọ síbi tí wọ́n ti máa lò ó, kò ní dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi ayàwòrán fi àkísà àgbà pòwe. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo aṣọ Eégún, ohun tó ga jù tí Yorùbá fi àjákù ṣe nìyẹn. Ọ̀kan wà ní Brooklyn Museum ní New York, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ṣe é ní nǹkan bí 1920 sí 1948. Oríṣi aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 300, láti ilẹ̀ Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Wọ́n fi tuntun lé ti àtijọ́, ìpele lórí ìpele, wọ́n gbá etí wọn. Kò sí ìdílé tó máa kàn da àkísà bo Eégún lórí. Wọ́n yàn án ni. Ọwọ́ tó ń yàn yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó bá kó àkísà jọ tí kò yàn nínú rẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní ti aṣọ tí wọn ò wá gbà: owó rẹ ló há síbẹ̀. Ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, dá ọjọ́ fún wọn. Ẹni tí o ò dá mọ̀, gbé fọ́tò aṣọ náà sí sítátọ́ọ̀sì rẹ, ẹnì kan á mọ̀ ọ́n. Láti ìsinsìnyí lọ, kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọwọ́ rẹ ò sí nínú rẹ̀ mọ́, kí oníbàárà sì kà á kó tó san àsansílẹ̀. Ṣùgbọ́n má gé aṣọ ẹnikẹ́ni ṣe àjákù láìsọ fún un. Ẹlòmíràn gbé aṣọ òkè ìyá rẹ̀ tó ti lọ wá, owó iṣẹ́ ló wọ́n ọn, ojú sì ń tì í láti padà wá. Pè é, sọ fún un pé kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Wàá rí i pé á sáré wá.

Onílẹ̀kẹ̀ (Ìlọrin)

Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn rí bẹ́ẹ̀ nídìí ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú. Mo máa ń fi bí ojú ihò ṣe tóbi tó yà wọ́n, torí òun ló máa sọ abẹ́rẹ́ àti okùn tí mo máa lò. Iyùn àti sẹ̀gi nìkan ni mo yà sọ́tọ̀ pátápátá, wọn ò gbọdọ̀ gbé pẹ̀lú ike.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ má tíì ra ike tàbí sẹ́lífù kankan, àǹtí. Ẹ kọ́kọ́ yà wọ́n, kí ẹ rí bí òkìtì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra ike á wá ohun tó máa rọ sínú rẹ̀. Agolo mílíìkì àti ìgò tí a ti fọ̀ tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Òǹkọ̀wé_Peckham (London)

Ẹ kú àsìkò yìí o. Yàrá kan ṣoṣo ni mò ń gbé, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ìwé ni tèmi: ìtàn tí mo kọ dé ìdajì, lẹ́tà, ìwé ìròyìn tí mo gé. Àwọn èèyàn níbí máa ń háyà yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n á máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù fún ẹrù tí wọn ò lọ wò. Mi ò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ọgbọ́n kan tí Andy Warhol, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, dá. Ní 1974, nígbà tó ń kó sítúdíò rẹ̀ kúrò ní Union Square ní New York lọ sí 860 Broadway, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń jókòó sí. Lẹ́tà, fọ́tò, rìsíìtì, ìwé ìròyìn, ibẹ̀ ni ó ń jù wọ́n sí. Bí ó bá kún, wọ́n á dè é, wọ́n á kọ déètì sí i, ó di ibi ìkẹ́rùsí, páálí mìíràn á bọ́ sípò rẹ̀. Ó ń ṣe é títí tó fi kú ní 1987. Irú rẹ̀ 610 ló wà ní mùsíọ́mù rẹ̀ ní Pittsburgh báyìí.

Ẹni tó bá ní ilé ńlá lè kó 610 jọ, èmi ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n yẹn ò ní kí ẹ pinnu lónìí. Ohun tó ń pa oníṣẹ́ ọnà nídìí ẹrù ni pé nǹkan kọ̀ọ̀kan tó bá gbé lọ́wọ́ ń bi í ní ìbéèrè: ṣé mo máa parí ẹ? Ṣé mo ti fi í sílẹ̀ nìyẹn? Ọkàn á rẹ̀ ẹ́ kó tó kan ìkẹwàá. Torí náà, mo ní páálí kan, ọ̀kan péré. Ohun tí mi ò lè pinnu lé lórí ló ń wọ ibẹ̀. Bó bá kún, màá kọ déètì sí i, màá gbé e sórí wọ́dúróòbù. Lọ́jọ́ tí èkejì bá kún ni mo máa ń ṣí ti àkọ́kọ́, ìgbà yẹn, ojú mi á ti dá. Ìtàn tó bá ṣì ń pè mí, á padà sórí tábìlì. Èyí tí kò bá pè mí mọ́, màá ya fọ́tò ojú ewé tó dára jù nínú rẹ̀, ìyókù á lọ.

Apẹẹrẹ_Dìjítà (Yábàá)

Ẹ má gbàgbé fóònù àti kọ̀ǹpútà o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán sí ẹ̀yìn àwo orin àti pátákó ìpolówó, kò sí àjákù nílé mi, ṣùgbọ́n rúdurùdu tó wà nínú ẹ̀rọ ju ti báàgì lọ. Fáìlì tó ń jẹ́ "final", "final2", "final gan-an". Mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Ọdún ló ń ṣáájú nínú orúkọ fáìlì mi, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ tẹ̀ lé e, kí n tó kọ orúkọ iṣẹ́: 2025-03-14-jaketi. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á tò wọ́n láti àtijọ́ dé ìsinsìnyí.

Àǹtí, àwọn fọ́tò ìwé sítáì tí ẹ fẹ́ yà yẹn, ẹ̀dà mẹ́ta ni kó ní: ọ̀kan lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí háàdì dísíìkì, ọ̀kan níbi tí kì í ṣe ilé yín, irú bíi Google Drive. Olè lè gbé fóònù, iná lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́, kì í sábà jẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé WhatsApp fún ìpamọ́, ó máa ń fún fọ́tò pọ̀, àlàyé kéékèèké á lọ. Bó bá pọn dandan, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì.

Ọmọ_Aláró (Abẹ́òkúta)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Àdìrẹ ni èmi náà ń ṣe, nítòsí Ìtòkú. Aláró ni màmá mi. Nígbà tí wọ́n lọ, wọ́n fi ìkòkò aró sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, méjì méjì ni wọ́n: ti òkè ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń da eérú sí, wọ́n á bu omi lé e, omi eérú á máa ro sínú ti ìsàlẹ̀. Inú omi yẹn ni wọ́n ń rẹ ẹ̀lú gbígbẹ sí títí aró á fi dé. Inú ìkòkò náà ṣì dúdú títí di òní.

Sóódà àti dáì inú agolo ni èmi ń lò, ó yá, oníbàárà ò sì ní sùúrù. Mo nílò ẹ̀yìnkùlé yẹn láti sá aṣọ. Àwọn àbúrò mi ní ká fọ́ ìkòkò náà. Nígbà tí mo bá gbé ọwọ́ lé wọn, apá mi kì í gbé e.

Ọ̀dà_àti_Búrọ́ṣì (Òṣogbo)

Àbúrò mi, ẹ kú ọ̀fọ̀ màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ wọn. Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́, ni àwọn ìyá wa ń ké pè nídìí iṣẹ́ aró, iṣẹ́ yẹn ju ọjà lọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ afọ́tò àti ti màmá Mushin ti wọ̀ mí létí. Ìkòkò tó wà nílẹ̀ tí kò rí aró mọ́, òjò á wọ inú rẹ̀, ẹ̀fọn á kún ibẹ̀, ọjọ́ kan ni ẹnì kan á tàpá sí i. Ẹ yan méjì tó dára jù, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé. Ìyókù, ẹ wá ẹni tó ṣì ń fi ẹ̀lú ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa ní Òṣogbo, Nike Centre tí Màmá Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní 1983 ṣì ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ àdìrẹ àti aró, ẹ lè béèrè lọ́dọ̀ wọn. Lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ aṣọ sínú rẹ̀, ìkòkò màmá yín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Afọ́tò_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n wa. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìkòkò kan, ẹ jẹ́ kí a ya fọ́tò wọn níbi tí màmá tò wọ́n sí, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó jẹ́ ara ìmọ̀ náà. Ìlú kan náà la wà, màá wá yà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ màmá yín tí wọ́n ṣì wà láyé, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù: igi wo ni wọ́n ń sun fún eérú, ọjọ́ mélòó ni aró fi ń jókòó, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti dé, ṣé òórùn rẹ̀ ni àbí ìfóòfó orí rẹ̀. Ìkòkò ò lè dáhùn ìyẹn fún ọmọ yín.

Ọmọ_Aláró (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ tí ẹ máa wá.

Arẹwà_Aránṣọ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Tábìlì ìgéṣọ mi ti ṣófo! Mi ò tíì tú gbogbo báàgì tán, ṣùgbọ́n ẹyọ ẹyọ ni mò ń tú u bí màmá ṣe wí, mo sì ti dán iná wò lára òwú. Ó yà mí lẹ́nu bí èyí tí mo pè ní òwú ṣe pọ̀ tó tí kì í ṣe òwú. Pátánì ti kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo lu ihò sí i lórí, mo gbé e kọ́ sára ìṣó, mo kọ irú aṣọ àti ìwọ̀n sí ojú kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà kan tí mo rò pé ó ti gbàgbé pè mí padà, ó bú sẹ́kún, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà wá bá mi ya àjákù ní Sátidé, òun ló mú àwọn kékeré lọ fún tìmùtìmù.

Ìbéèrè kan ló kù fún màmá. Mo bá ègé sányán àti ẹtù àtijọ́ nínú báàgì kan, wọ́n dára púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rá ni wọ́n wà, wọ́n ń rùn, àmì dúdú kéékèèké sì ti wà lára ọ̀kan. Òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí. Báwo ni kí n ṣe tọ́jú wọn?

Ìyá_Télọ̀ (Mushin)

Mo yọ̀ fún ọ, ọmọ mi.

Yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rá lónìí. Ọ̀rá máa ń há ọ̀rinrin mọ́ aṣọ lára, òun ló mú àmì dúdú yẹn wá. Ya èyí tó ní àmì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Má fi omi fọ̀ ọ́, má sì fi búlíìṣì kàn án, sányán ò gba ìyẹn, aró ara ẹtù náà á sì ṣí. Tẹ́ wọn sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kúrò níwájú oòrùn, títí wọ́n á fi gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà, fi búrọ́ṣì tó rọ̀ gbọn àmì náà kúrò ní ìta gbangba, fi nǹkan bo imú rẹ.

Wá aṣọ funfun olówùú tó ti fọ̀ dáadáa, fi di ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wọn sórí sẹ́lífù tó ga, kó má kan ògiri. Bí o bá fẹ́ fi káńfọ̀ sí i, so ó sínú àjákù kékeré, kó má fara kan aṣọ òkè, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o. Sányán ni kí o máa ṣọ́ jù, òwú ara kòkòrò ni wọ́n fi hun ún, àwọn kòkòrò mìíràn sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kó gbogbo wọn síta sínú ibòji, gbọ̀n wọ́n, jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Bí o bá fẹ́ ká wọn padà, má ká wọn sójú ibi tí o ká wọn sí tẹ́lẹ̀, torí ojú ìká yẹn ni aṣọ òkè ti máa ń kọ́kọ́ gé.